Bí Kóòdù Bá Yí, Kí Ìwé Rẹ̀ Yí: Ohun Tó Yẹ Kí Àpápá Béèrè

Orúkọ sọ́fítíwíà tí àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ti kọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kò kéré. Wọ́n lo ASYCUDA. Nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè gba iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹrù padà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ní December 2013, àwọn tó ń gba ẹrù jáde bẹ̀rẹ̀ sí í gba PAAR, ìwé àyẹ̀wò tí aṣọ́bodè ń ṣe kí ẹrù tó dé. NICIS, sọ́fítíwíà aṣọ́bodè tuntun, dé, NICIS II tẹ̀ lé e. Ní February 2021, àwọn aláṣẹ èbúté, NPA, gbé Ètò kalẹ̀, èyí tí tírélà gbọ́dọ̀ fi gba àyè kó tó wọ Àpápá. Láti 2024 ni B'Odogwu ti ń rọ́pò NICIS II. Ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé ìgbìmọ̀ dìde fún National Single Window, tí yóò kó gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹrù sí ojú kan.

Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń mọ sọ́fítíwíà wọ̀nyí lò kì í yí. Wọ́n á pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n á fi àwòrán hàn lára ògiri, wọ́n á pín ìwé, àwọn tó ráyè wá á gbọ́. Láìpẹ́, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà náà á tún ibì kan ṣe, wọ́n á fi àpótí kan kún fọ́ọ̀mù, ìwé tí wọ́n pín á sì di ìtàn. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí ni ẹni tí kọ̀ǹpútà bá kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò máa wá ẹni tó mọ ọ̀nà, yóò sì sanwó fún un. Kọ̀ntẹ́nà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, owó ìdádúró sì ń gun orí ara wọn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sí i kọ́ ló máa tán èyí. Ìyẹn ni fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tó fa wàhálà ni pé ibì kan ni wọ́n ti ń kọ kóòdù, ibòmíràn ni wọ́n ti ń kọ ìwé tó ń ṣàlàyé rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í pàdé. Ẹni tó yí kóòdù padà lánàá kò rántí pé ìwé kan wà tó yẹ kí òun tún ṣe. Ẹni tó kọ ìwé kò gbọ́ pé kóòdù ti yí. Kí àwọn méjèèjì máa gbé pọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Kò yẹ kí ìjọba tún sanwó fún sọ́fítíwíà kankan ní èbúté Àpápá àfi bí ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ bá ń jáde láti orísun kan náà pẹ̀lú kóòdù rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó ń kọ kóòdù ti wá ojútùú sí ìṣòro yìí láàárín ara wọn tipẹ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé èdè Java jáde, Javadoc bá a wá, irinṣẹ́ tó ń ṣa àlàyé jọ láti inú kóòdù tó sì ń fi wọ́n ṣe ojú ewé tí ènìyàn lè kà. Ní 1997, Dimitri van Heesch gbé Doxygen jáde ní Netherlands. Ní March 2008, Georg Brandl, ọmọ Jámánì, gbé Sphinx jáde, ohun tó sì ṣe é fún ni ìwé èdè Python. Lónìí, Sphinx kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìwé Linux, tó ti kó sọ́dọ̀ rẹ̀ láti 2016. Ọ̀fẹ́ ni Doxygen àti Sphinx. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìtọrọ àṣẹ.

Bí irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹni tó ń kọ kóòdù á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, nínú fáìlì kan náà: ohun tí apá yìí ń gbà, ohun tó ń dá padà, ìgbà tó máa ń kọ̀. Irinṣẹ́ náà á wọ inú fáìlì, á kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde, á sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ ojú ewé tí ènìyàn fọwọ́ kọ, irú èyí tó ń mú ẹni tí kò mọ ohunkóhun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti inú àkójọ kan ṣoṣo yìí ni yóò ti ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, PDF fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àti ìwé tí wọ́n lè kà lórí fóònù.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ wọ́ọ̀fù wo ohun tí èyí lè ṣe. Bí sọ́fítíwíà aṣọ́bodè bá ti ń gba fọ́ọ̀mù mọ́tò tòkunbọ̀ tí àpótí kan ṣófo nínú rẹ̀, tí àṣẹ tuntun wá dé pé àpótí náà kò gbọ́dọ̀ ṣófo mọ́, ìlà kan tàbí méjì ni yóò yí nínú kóòdù. Àlàyé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn gan-an, níbi tí ojú ẹni tó ń tún un ṣe kò lè fò ó. Sphinx ní àmì kan tí wọ́n ń fi sọ pé láti ẹ̀dà báyìí ni nǹkan báyìí ti yí padà. Ẹni náà á fi àmì yẹn sí i, ojú ewé tuntun á sì jáde pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun. Bí àpẹẹrẹ kan bá wà nínú ìwé tí kò bá kóòdù mu mọ́, irinṣẹ́ náà lè dán an wò kó sì figbe ta. Wọ́n tún lè pàṣẹ fún un pé bó bá rí àléébù kankan nínú ìwé, kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dà tuntun jáde rárá. Aṣojú tó ń bá ẹlẹ́rù gba ẹrù jáde, tó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Wharf Road, á wá rí ìyípadà náà lórí fóònù lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ̀ ọ́.

Iye ọdún tí sọ́fítíwíà wọ̀nyí máa lò fi kún ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi yẹ ní fífọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àdéhùn ogún ọdún ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 2022 fún sísọ iṣẹ́ aṣọ́bodè di ìgbàlódé, òun ló sì bí B'Odogwu. Nínú ogún ọdún, àwọn tó kọ kóòdù àkọ́kọ́ á ti lọ, àwọn ọ̀gá tó dá àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ á ti fẹ̀yìn tì. Bí ìmọ̀ wọn bá wà nínú orí wọn nìkan, wọ́n á gbé e lọ, ìjọba á sì tún sanwó fún ẹlòmíràn láti wá tú ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lóòótọ́, irinṣẹ́ kì í ronú. Ẹni tó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ ojú ewé tó kún fún ọ̀rọ̀ tí kò sọ nǹkan kan: apá tó ń jẹ́ "gba orúkọ" ni àlàyé rẹ̀ á ní ó ń gba orúkọ. Bí ìjọba bá kàn kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí wọ́n lo Sphinx, ojú ewé ẹgbẹ̀rún lè jáde tí kò ní ran aṣojú kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ìwé wà lójú kan pẹ̀lú kóòdù, kí ó má baà gbó. Kí ìwé náà ní làákàyè, iṣẹ́ ènìyàn ni, ẹni tó mọ ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ní wọ́ọ̀fù tó sì lè fi ọ̀rọ̀ tó mọ́ dáhùn rẹ̀. Owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn náà.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Omi kánáàlì ló wà láàárín Ajégúnlẹ̀ àti èbúté. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá sókè sá sódò pẹ̀lú ìwé ẹrù ní Àpápá, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kò sì ṣàjèjì níbẹ̀: láti nǹkan bí 2007 ni Paradigm Initiative, tí 'Gbenga Sesan dá sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ Ajegunle.org kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ní kọ̀ǹpútà àti òwò ṣíṣe. Kíkọ ìwé ìtọ́sọ́nà jẹ́ ẹnu ọ̀nà tó rọrùn láti gbà wọnú iṣẹ́ sọ́fítíwíà ju kíkọ kóòdù fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Láptọ́ọ̀pù àlòkù gbé e. Bí wọ́n bá ti gbé irinṣẹ́ náà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò nílò dátà láti ṣiṣẹ́, ìwé tó bá sì ṣe, wọ́n lè kó gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì kan kí wọ́n gbé e lọ tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ìmọ̀ náà kò sì mọ sí wọ́ọ̀fù: ní 2019, Google bẹ̀rẹ̀ ètò Season of Docs, tó mú kí wọ́n sanwó fún àwọn tó ń kọ ìwé fún sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ káàkiri ayé.

Ajégúnlẹ̀ tún ní ohun tí ọ́fíìsì ní Àbújá kò ní, ìyẹn ẹnu. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Igbo àti Urhobo ń gbé ojúlé kan náà níbẹ̀, Pidgin sì so gbogbo wọn pọ̀. Awakọ̀ tírélà tó ń dúró de àyè lórí Ètò kò gbọ́dọ̀ jìyà nítorí pé òyìnbó inú ìwé le jù fún un. Láti 2011 ni Sphinx ti ní ọ̀nà kan tó ń gbà tú ìwé sí èdè mìíràn: á to ìpínrọ̀ inú ìwé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, atúmọ̀ á kọ tirẹ̀ sábẹ́ wọn. Bí ìpínrọ̀ kan bá yí nínú ìwé àkọ́kọ́, ìpínrọ̀ yẹn nìkan ló máa fara hàn pé ó ń dúró de ìtumọ̀ tuntun. Kò sídìí láti tún odindi ìwé kọ. Ọ̀nà yìí ni ìwé Python gbà di kíkà ní Faransé, èdè Japan àti Korea. Ohun tó ṣeé ṣe fún wọn ṣeé ṣe ní Pidgin àti ní Yorùbá, àmì ohùn sì wà lórí rẹ̀ pé pérépéré.

Àwọn kan á sọ pé àṣírí ìjọba ni sọ́fítíwíà aṣọ́bodè. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá yàn nìkan ni irinṣẹ́ náà ń gbé síta; fífi bí wọ́n ṣe ń lo ilé hàn kò túmọ̀ sí fífi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ hàn. Paystack tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó, tí Stripe rà ní 2020 ní owó tó lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là, owó àwọn ènìyàn ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń so sọ́fítíwíà mọ́ ọn wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ lò ó kò sì nílò láti mọ ẹnikẹ́ni ní iléeṣẹ́ náà. Ní èbúté, mímọ ẹnìkan ṣì ni ìwé ìtọ́sọ́nà tó dájú jù. Ìmọ̀ tí wọn kò bá kọ sílẹ̀ sì máa ń di ohun títà.

Àwọn mìíràn á ní àwọn aṣojú kì í kàwé, pé ohùn tí wọ́n gbà sórí WhatsApp ni wọ́n ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp náà ti ibì kan gbọ́ ọ. Bí ojú ewé kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bá wà, ohùn tó ń rìn kiri á máa rìn pẹ̀lú òtítọ́. Àwọn tó gbà pé ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ lóde òní á bá wọn kọ gbogbo rẹ̀ náà ní láti rántí pé ohun tó wà nílẹ̀ ló ń kà. Bí àlàyé inú kóòdù bá ti gbó, irọ́ tó dán ni yóò kọ jáde.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. ECOWAS ló lọ bá UNCTAD, àjọ òwò Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ní 1981 pé kó ran òun lọ́wọ́ láti kó ìṣirò òwò jọ, ìbéèrè yẹn ló sì di ASYCUDA, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ń lò. Ẹkùn tó lè béèrè sọ́fítíwíà lè béèrè ìwé rẹ̀. Kí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè, NPA àti àwọn tó ń darí National Single Window kọ ọ́ sínú gbogbo àdéhùn pé inú àpò fáìlì kan náà ni kóòdù àti ìwé yóò wà. Pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yóò jáde pẹ̀lú ojú ewé tí gbogbo ènìyàn lè rí, tó gbé ọjọ́ àti ohun tó yí. Pé wọn yóò gba àwọn tó ń kọ̀wé àti àwọn atúmọ̀ láti àdúgbò èbúté, wọn yóò sì sanwó fún wọn. Àti pé bí èyí kò bá sí, owó kò ní jáde. Àwọn ẹgbẹ́ aṣojú bíi ANLCA àti NAGAFF kò sì ní láti dúró de àdéhùn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún pè wọ́n sí gbọ̀ngàn láti fi sọ́fítíwíà tuntun hàn wọ́n, kí wọ́n tó bi àwọn tó pè wọ́n ní ohunkóhun mìíràn, kí wọ́n béèrè ibi tí ìwé rẹ̀ wà, ẹni tó kọ ọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn.