Ìbéèrè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Wá

Lọ́dọ̀ tiwa ní Mopa, "Okun o" ni à bá fi kí yín. Ìkíni yìí náà ló di orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wa pọ̀, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí, ọ̀nà Mopa ni mo ti bá a pàdé.

Ní ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, mo dúró lẹ́bàá títì, mò ń retí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìsánlú tí yóò gbé mi dé Kàbà. Ọlọ́kadà kan dúró níwájú mi, ó pe orúkọ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àwa méjèèjì la jọ kúrò nílé lọ́dún kan náà, tí a jọ wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Èmi ṣì wà níbẹ̀. Òun ti gba ìwé "máa lọ sílé" ní ìparí ọdún kejì.

Nígbà tí a ń lọ, àwọn ará ilé fi wá ṣe ẹ̀rín: "Yorùbá lẹ fẹ́ lọ kọ́? Ṣé èyí tí ẹ ń sọ nílé kò tó yín ni?" Kí n má purọ́, àwa náà rò pé ẹ̀kọ́ náà yóò rọrùn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rẹ́ mi yìí níbi tó ti ń pàlọ́, ẹ ó gbàgbé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n Yàgbà ló fi ń pa á. Yorùbá tí a fi ń ṣe ìdánwò, ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1974 la sì gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Nílé-ìwé girama tí a lọ, láti SS1 la kò ti fojú kan olùkọ́ Yorùbá mọ́. Nígbà tí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó tí wọ́n ní kí a fi àmì ohùn sí i, ohùn ilé ni ọ̀rẹ́ mi ń gbọ́, ohun tó gbọ́ ló sì kọ sílẹ̀. Ó gba F. Ó gba F nínú fònẹ́tíìkì pẹ̀lú. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, kò lọ sí kíláàsì mọ́ dáadáa, títí kan kíláàsì lítíréṣọ̀ tí ì bá ti gbayì. Ẹ sì mọ òfin náà: ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ yìí, bí CGPA ẹni bá wà nísàlẹ̀ 1.00 nínú 5.00, ìwé ìkìlọ̀ ni. Bí kò bá gòkè lẹ́yìn náà, ó di ilé.

Ohun tó sọ fún mi lórí ọ̀kadà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ní, "Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀ pé n kò lè ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé."

Àwa tí a ti tò síwájú ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ìlà a gùn bíi ti ilé epo. Tí ó bá kan ẹni, ọ̀gá a ka yúníìtì, bóyá ó pé 15, bóyá kò ju 24 lọ, wọ́n a buwọ́ lù ú, ẹlòmíràn a wọlé. N kò dá àwọn olùkọ́ wa lẹ́bi tán o. Ẹni tó ní kíláàsì láti kọ́, ìwé ìdánwò láti máàkì, tí a tún kó ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ lé lórí, ìgbà wo ni yóò jókòó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè?

Nílé, òwe ni wọ́n fi ń na ọ̀rẹ́ mi: ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìdínlógún tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí ó má sọ̀rọ̀ níwájú àgbà àfi tí a bá bi í, kí ni kó ṣe? Àwa náà la kọ́ ọ ní dídákẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa ní ìwé àyẹ̀wò ara ẹni, ojú ewé kan péré, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fúnra rẹ̀ kọ, tí yóò sì mú wá kí a tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀. Kọ́ọ̀sì wo ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ẹ̀ka-èdè wo lò ń sọ nílé? Ìgbà wo lo kọ́ Yorùbá ní kíláàsì gbẹ̀yìn? Ta ló ń san owó ilé-ìwé rẹ? Ta lò ń bá kàwé? Máàkì wo lo rò pé wàá gbà nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan? Ẹnu tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ lè kọ ọ́.

Ohun àjèjì kọ́ lèyí lọ́dọ̀ wa. (Ilé ECWA ni wọ́n bí mi sí o, ohun tí mo kọ́ ní kíláàsì ni mo ń sọ.) Ẹni tó lọ dífá kì í ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún babaláwo. Yóò gbé owó sẹ́nu, yóò sọ ọ̀rọ̀ náà sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò gbé e sílẹ̀. Babaláwo a máa ki ẹsẹ Ifá, oníbèéèrè fúnra rẹ̀ ni yóò sì mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu. Kí ìmọ̀ràn tó dé, aláìní-ìmọ̀ràn ti kọ́kọ́ sọ ọ̀ràn náà fún ara rẹ̀.

Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀gá wa tako mi. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ara rẹ̀ wọ̀n. Ẹ̀rí wọn lágbára. Lọ́dún 1999, Justin Kruger àti David Dunning ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì sọ ipò tí wọ́n rò pé àwọn wà láàrin ẹgbẹ́. Àwọn tó kẹ́yìn pátápátá, tó jẹ́ pé bí 12 péré ni wọ́n fi dára jù nínú ọgọ́rùn-ún, rò pé àwọn dára ju 62 lọ. Èmi gan-an kọ A fún ara mi nínú síńtáàsì; C ni mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ máàkì tí a ń retí, kí a wá gbé èyí tí a gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó retí A tó gba C nílò ìmọ̀ràn kan. Ẹni tó retí F tó sì gba F nílò òmíràn, kíákíá sì ni. Èsì ìdánwò nìkan kò lè fi méjèèjì hàn yàtọ̀.

Yunifásítì Georgia State ní Atlanta bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012 sí í fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ń wo àmì ewu tó lé ní 800, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ olùdámọ̀ràn sí i. Ó dára fún wọn. Àwa tí iná mànàmáná ń jà lólè, bébà àti bírò la ní. Kọ̀ǹpútà pàápàá, máàkì ló ń rí. Kò mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Owó ńkọ́? Ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU láti ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, mo mọ ẹni méjì tí kò padà wá mọ́. Owó yíyá NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024 lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí a bá mọ̀ pé ó nílò rẹ̀.

Ohun kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí ìwé náà má wọ fáìlì. Ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn nìkan ni kó wà. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ pé wọ́n kà á níwájú ìgbìmọ̀ láti fi lé ẹnì kan lọ, irọ́ ni gbogbo wa yóò máa kọ síbẹ̀, èmi náà yóò sì kọ tèmi.

Mo ti fi àpẹẹrẹ rẹ̀ lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ìbéèrè méje ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀kẹjọ kó wá sọ ọ́ kí àwọn ọmọ ọdún kìíní tuntun tó wọlé.