Aago ọwọ́ 189 lọ́wọ́ ìjọba: Ta ni yóò rí gbàǹjo rẹ̀?

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ gbàǹjo fún un. Láti àárọ̀ ni àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó ọjà ti máa ń wà lẹ́bàá títì, tí wọn yóò kó bàtà, bẹ́líìtì àti aago ọwọ́ sórí tábìlì tàbí sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọn yóò sì máa ké gbàǹjo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Aago tí wọ́n kọ Rolex sí lójú wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan lọ. Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ayédèrú ni, ẹni tó ń rà á náà mọ̀, kò sí ẹni tó tan ẹnì kejì jẹ nínú wọn. Ìta gbangba ni ọjà wà. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e, kó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kó gbé e sétí bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kó tó dá owó lé e.

Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ mìíràn ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Wọ́n jẹ́ 189, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa ni ilé-ẹjọ́ sì fún. Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019, Adájọ́ Nicholas Oweibo ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Èkó pàṣẹ pé kí ohun ọ̀ṣọ́ 2,149, pẹ̀lú fóònù iPhone kan tí wọ́n fi góòlù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kúrò lọ́wọ́ Arábìnrin Diezani Alison-Madueke, ẹni tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì láti ọdún 2010 sí 2015, kí gbogbo wọn sì di ti ìjọba pátápátá. Inú ilé kan ní Asokoro, l'Ábùjá, ni àjọ EFCC, tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì àti ṣíṣe owó ìlú báṣubàṣu, ti kó wọn. Òrùka wà níbẹ̀, yẹtí wà níbẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ wà níbẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ogójì mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ní àpapọ̀ owó wọn.

Kí a má ṣì í gbọ́ o. Àṣẹ yìí kì í ṣe ìdájọ́ pé obìnrin náà jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn kankan. Òfin tó de jìbìtì, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, fún ilé-ẹjọ́ láyè láti gba dúkìá tí wọ́n bá fura pé owó tí kò mọ́ ni wọ́n fi kó o jọ, bí ẹni tó ni ín kò bá lè fi ìdí múlẹ̀ pé ọ̀nà tó tọ́ ló gbà ní in. Agbẹjọ́rò rẹ̀ jiyàn pé EFCC kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé náà lọ kó ẹrù, ṣùgbọ́n adájọ́ kò gbà fún un. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2023, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀sùn gbígba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kàn án ní London, ó sì ní òun kò jẹ̀bi. Èyí wà lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́, kì í ṣe tiwa láti dá. Ọ̀rọ̀ tiwa ni ti ẹrù tí ilé-ẹjọ́ ti fi lé ìjọba lọ́wọ́, nítorí pé ohun tó bá ti di ti ìjọba ti di ti gbogbo wa nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2021, ọ̀gá àgbà EFCC nígbà náà, Abdulrasheed Bawa, sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin l'Ábùjá pé bílíọ̀nù mẹ́rìnlá àti irinwó mílíọ̀nù náírà (₦14.4 bílíọ̀nù) ni iye owó àwọn ohun ọ̀ṣọ́ náà, àti pé wọn kò tíì tà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ẹni tó bá pín iye yìí sí ogójì mílíọ̀nù yóò rí i pé 360 náírà ni wọ́n fi ṣí dọ́là kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí a bá fi 1,500 náírà ṣí dọ́là kan, bó ṣe rí fún ìgbà pípẹ́ ní ọdún 2024, ọgọ́ta bílíọ̀nù náírà ni ẹrù kan náà. Ẹni tó bá wá fi ìwé ìdíyelé àtijọ́ tà wọ́n ní náírà, ẹ̀bùn ló fi tọrẹ.

Ní oṣù kìíní, ọdún 2023, EFCC kéde pé àwọn fẹ́ ta àwọn dúkìá tí ìjọba gbà káàkiri. Ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ nípa rẹ̀ jù, nítorí ọkọ̀ ni mẹ̀kúnnù lè ronú àtirà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Arábìnrin Alison-Madueke gba ilé-ẹjọ́ l'Ábùjá lọ láti dí títa àwọn dúkìá tirẹ̀ lọ́wọ́, tó ní wọn kò gbọ́ tẹnu òun kí wọ́n tó gbà wọ́n.

Aago olówó iyebíye kì í ṣe ọkọ̀, kì í sì í ṣe ilé, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Bí wọ́n bá ta ilé ní Ìkòyí, ẹnikẹ́ni lè béèrè iye tí ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Bí wọ́n bá ta ọkọ̀, mẹkáníìkì yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n aago méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là, kí èkejì tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ohun tó fà á ni ẹni tó ṣe é, ọdún tó ṣe é, iye irú rẹ̀ tó wà láyé, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, àpótí àti ìwé tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́, àti ọwọ́ tó ti gba kọjá. Ìtàn ni wọ́n ń tà, irin àti góòlù kàn gbé ìtàn náà ni.

Àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù ni ti Paul Newman, òṣèré sinimá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ra aago Rolex Daytona kan fún un, irin lásán ni, kì í ṣe góòlù, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ọkọ òun máa rọra wakọ̀. Nígbà tó yá, Newman bọ́ ọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2017, ilé gbàǹjo Phillips ta aago náà ní New York ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún dọ́là ó lé. Ní ọdún 2019, aago Patek Philippe kan tí wọ́n ṣe ní ẹyọ kan ṣoṣo fún gbàǹjo àánú lọ ní mílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gbọ̀n owó ilẹ̀ Switzerland ní Geneva. Ká ní ẹnìkan gé ìwé ìtàn aago Newman yẹn dànù, kó da á mọ́ aago mìíràn nínú àpò, ta ni ì bá dá irú owó bẹ́ẹ̀ lé e?

Ẹ wá wo àkójọ tiwa. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde láti inú ìwé EFCC ní ilé-ẹjọ́ kò ju pé "aago ọwọ́ olówó ńlá, 189" lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan kò sí níbẹ̀, ọdún kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà kò sí níbẹ̀. Alátùn-únṣe aago tó jókòó sídìí àpótí gíláàsì rẹ̀ lẹ́bàá ọjà Ìkọ̀tún kì í gba Seiko lọ́wọ́ ẹni kó má so bébà kékeré mọ́ ọn.

Ní ilẹ̀ Malaysia, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wọ àwọn ilé tó jẹ mọ́ olórí ìjọba àná, Najib Razak, ní oṣù karùn-ún, ọdún 2018, kò tó oṣù méjì tí wọ́n fi jáde sí gbangba láti sọ ohun tí wọ́n kó. Aago ọwọ́ 423 ni, wọ́n dárúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, Rolex, Chopard, Richard Mille àti àwọn mìíràn, wọ́n sì sọ iye tí aago nìkan tó lọ́tọ̀, tí wọn kò lú u pọ̀ mọ́ òrùka àti báàgì.

Kò pọn dandan ká lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ramon Abbas, ọmọ Nàìjíríà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, tí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá ó lé ní oṣù kọkànlá, ọdún 2022, lo lára owó jìbìtì rẹ̀ láti ra aago kan. Nínú ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde, ẹ ó rí i pé Richard Mille ni aago náà, RM11-03 ni irú rẹ̀, 230,000 dọ́là ni owó rẹ̀, Dubai ni wọ́n sì ti fi lé e lọ́wọ́. Aago kan ṣoṣo nìyẹn. Nítorí pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó lè fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀ nínú àpótí lálẹ́ ọjọ́ kan. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé, níbi tí àkójọ bá ti sọ pé "aago 189" lásán, ẹni tó bá ka 189 ti rí i pé ó pé, ohun yòówù kó wà nínú wọn.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀. Kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018, ní orílẹ̀-èdè Brazil, wọ́n gba owó àti aago ọwọ́ tí wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó bá Teodorin Obiang, igbákejì ààrẹ Equatorial Guinea àti ọmọ ààrẹ náà, rìnrìn-àjò. Lọ́dún kejì rẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn ará Switzerland gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí kan náà ni ilé gbàǹjo Bonhams tà lẹ́bàá Geneva. Ìwé àkójọ jáde ṣáájú, pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìtàn rẹ̀, àwọn olówó láti ibi gbogbo láyé sì bá ara wọn du ú. Mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún owó ilẹ̀ Switzerland ó lé ni wọ́n pa, ó ju èyí tí wọ́n ti fojú sọ́nà fún lọ, àdéhùn sì wà pé iṣẹ́ tí yóò ṣe ará ìlú Equatorial Guinea láǹfààní ni owó náà yóò bá lọ.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ní kò yẹ kí ẹrù wa lọ sí òkè òkun, pé ilé gbàǹjo àwọn òyìnbó yóò yọ owó tiwọn. Òótọ́ ni, owó tí wọ́n ń bù lé ọjà lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó dáadáa. Ta ló wà nílé níbí tó lè fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dọ́là ra aago ọwọ́ kan láìsí pé EFCC yóò tún béèrè ibi tó ti rí owó? Àwọn tó lè rà á kò pọ̀, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ àwọn tó ń tà. Níbi tí olùrajà kò bá ti ju mẹ́ta lọ, tí wọ́n sì jọ ń mu omi nínú ago kan, gbàǹjo orúkọ lásán ni.

Àkókò náà kì í dúró. Owó àwọn aago àlòkù olówó ńlá gòkè lọ́nà àrà lẹ́yìn àrùn kòrónà, ó dé òkè téńté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ó sì wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún tí ọjà yẹn dára jù ti kọjá. Èyí tó ń lo bátìrì, bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí, bátìrì rẹ̀ lè da omi sí i nínú. Èyí tí wọ́n ń wín, epo inú rẹ̀ ń gbẹ. Títọ́jú rẹ̀ náà owó ni.

Àwọn Àwórì tó tẹ Ìṣẹ̀rí-Olófin dó ní ìtàn àwo kan tí Olófin Ògúnfúnminíre gbé sórí omi, tí wọ́n ń tẹ̀ lé títí tó fi rì, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ wọn ti wá. Àwo yẹn rì lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Àwórì ló lè sọ ibi tó rì sí fún ọ. Ìyẹn náà ni a ń béèrè nípa ẹrù ìjọba. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka èèyàn 1,277,714 sí, ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndò ni ọ̀pọ̀ ń wò bí àìsàn bá dé lóru. Owó aago kan péré nínú àwọn tó dára nínú wọn lè ra ẹ̀rọ tí àwọn dókítà ibẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Owó epo rọ̀bì ni wọ́n ní ó ra aago wọ̀nyí, epo rọ̀bì sì ni wọ́n ní ó yẹ kó kọ́ ilé ìwòsàn.

Òfin tuntun lórí dúkìá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún, ọdún 2022, ti dá àpò owó kan sílẹ̀ ní báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, tí owó irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀. Ọ̀nà ti wà, nítorí náà. Kí EFCC tẹ àkójọ aago 189 náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ ilé iṣẹ́, irú aago, nọ́ńbà, àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn, àti iye tí ẹni tó mọ̀ nípa aago dá lé e. Bí wọ́n bá ti ta èyíkéyìí, kí wọ́n kọ ọjọ́, iye tó pa, àti ẹni tó rà á sí iwájú rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni láyé lè ti dá owó lé e lójú gbogbo wa.