Ìgbà Tí Ogun Dé Ni Wọ́n Tó Wá Èdè Kiri

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe jẹun?" Mélòó nínú wa ni mọ̀lẹ́bí kò tíì bi ní ìbéèrè yìí? Ìtàn ogun ni èmi máa ń fi dá wọn lóhùn.

Ní 1941, nígbà tí ogun pẹ̀lú Japan ń bọ̀, àwọn ológun Amẹ́ríkà dán nǹkan bí 3,700 ọmọ ogun wò, àwọn tí òbí wọ́n ṣí wá láti Japan. Wọ́n ń wá ẹni tó lè ka ìwé ọ̀tá, tó sì lè fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́wọ̀n ogun lẹ́nu wò. Bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́ èdè náà dénú. Orúkọ ṣì jẹ́ ti Japan, èdè ti lọ. Ìran kan péré! (Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ń tọ́mọ ní London àti Houston, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.)

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ ní San Francisco, nínú ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ òfuurufú sí tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 60 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ tó lé àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Japan kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, wọ́n kó wọn sí àgọ́ tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Minnesota. Èdè tí wọ́n torí ẹ̀ fura sí ìyá ni wọ́n ń sanwó fún ọmọ láti kọ́. Àwọn tó lọ kàwé ní Japan nígbà èwe, tí wọ́n fura sí jù, àwọn náà ló mọ̀ ọ́n jù.

Mo ti fi ìtàn yìí gbèjà ẹ̀ka wa títí, àmọ́ ó ti ń kọ mí lóminú. Bó bá jẹ́ pé àṣírí ọ̀tá nìkan ló ń sọ èdè di ohun tó níye lórí, a jẹ́ pé ọwọ́ òfo ni Yorùbá máa bá délé, torí a ò bá ẹnikẹ́ni jagun.

Donald Keene ni mo wá ń dárúkọ báyìí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ lédè Japan, wọ́n sì ní kó máa ka ìwé tí àwọn ọmọ ogun Japan tó ti kú kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọn sí. Ogun parí ní 1945. Keene kò padà lẹ́yìn èdè náà: ó ń túmọ̀ ìwé wọn, ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó di ọmọ ìlú Japan ní 2012, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 2019.