Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Ba Orúkọ Wa Jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń fi JavaScript, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ka ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́, ẹ gbọ́ o: nọ́ńbà lásán ni ẹ̀rọ ń gbà, ẹni tí kò bá sì kọ́kọ́ wádìí ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́ yóò ṣì í kà. Bí a bá fi ìlànà àtijọ́ ti àwọn ará Yúróòpù ka ohun tí a fi ìlànà UTF-8 kọ, Ọ tí ó ṣáájú orúkọ Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin ikú bàbá yèyé, yóò di “á»Œ”.

Bí a tilẹ̀ kà á re, ìṣòro ṣì kù. Ọ̀yọ́ tí ojú rí bí lẹ́tà 3, JavaScript lè kà á sí 5 tàbí 7, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ti so àmì ìsàlẹ̀ mọ́ lẹ́tà tàbí tí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Bí a bá sì bi í bóyá ọ̀nà ìkọ méjèèjì dọ́gba, yóò ní rárá, ọmọ onílé yóò sì wá orúkọ rẹ̀ tì nínú àkọsílẹ̀.

Láti ọdún 2015 ni irinṣẹ́ tí ń jẹ́ normalize ti wà nínú JavaScript láti mú ọ̀nà ìkọ méjèèjì bára mu. Mo bẹ̀ yín, ẹ lò ó kí ẹ tó fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́, ẹ má sì gé àmì ohùn wa sọnù nítorí ìrọ̀rùn, nítorí ẹ̀tọ́ wa ni.