Mọ́ọ̀tì àti Mílíìkì Kì í Fúnni Lẹ́jẹ̀

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ẹni tó lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọsibítù, kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti rán ọmọ lọ ra mọ́ọ̀tì àti mílíìkì agolo. A ti gbà láàárín ara wa pé àdàlù yìí ń fúnni lẹ́jẹ̀. Irọ́ ni, irọ́ náà sì léwu.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Èròjà irin, fọ́líìkì, fítámì B12 àti èròjà amúaradàgbà ló fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì ń gbà kí sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun tó gbó dáadáa. Kò sí ohun tí èèyàn lè mu lálẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi pé láàárọ̀.

Kí ló wá wà nínú mọ́ọ̀tì? Omi, ọkà, ṣúgà, àwọ̀, àti fítámì díẹ̀. Àwọ̀ dúdú yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù ṣúgà 11 sí mìlílítà 100, a jẹ́ pé ìgò mìlílítà 330 kan gbé gíráàmù 36, ìyẹn ṣíbí tíì 9. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà àfikún àgbàlagbà má ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ lóòjọ́, pé ó tilẹ̀ sàn kó má kọjá 25. Ìgò kan péré ti ré kọjá 25 yẹn, a ò sì tíì ka tíì àárọ̀ mọ́ ọn.

Ti mílíìkì ńkọ́? Kásíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń dí èròjà irin lọ́wọ́ kó má lè wọ ara dáadáa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, púpọ̀ nínú mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Yúróòpù ni wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà inú rẹ̀, tí wọ́n fi epo ọ̀pẹ rọ́pò. Ṣúgà àti ọ̀rá la wá ń gbé fún aláìsàn, tí a ń pè é ní ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Ṣùgbọ́n mo mu ún, ara mi sì mókun.” Òótọ́ ni. Ṣúgà tètè ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ojú á sì là fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní nǹkan mu: kí òòyì má baà kọ́ ọ, kí omi tó jáde lára rẹ̀ lè padà. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti padà. Àwọn míì á ní bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe nìyí. Àgbà wo? Ọdún 1976 ni mọ́ọ̀tì Maltina ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà wa ní Nàìjíríà.

Ti àwọn ọmọdé ló dùn mí jù. Ibà tí ẹ̀fọn ń kó ràn wá máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́. Ọmọ tí ibà ń ṣe, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló ń tán lọ. Wákàtí tí ìyá fi ń po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì, tó ń retí kí ojú ọmọ pọ́n, ló yẹ kó ti gbé e dé iwájú dókítà tí yóò yẹ PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wò, tí yóò tọ́jú ibà náà, tí yóò sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ìyá náà wí. Gbogbo àdúgbò ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ti aboyún tó ń da oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ìpàdé aboyún nù nítorí pé ó ń rìn ín lọ́kàn, tó wá ń fi mọ́ọ̀tì dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá a sọ fún nọ́ọ̀sì. Oògùn yẹn ṣe é mu lẹ́yìn oúnjẹ.

Bí ẹ bá ń lọ kí aláìsàn, ẹ bá a gbé ẹja, ẹran, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ugu lọ, kí ẹ fi ọsàn sí i, torí ọsàn ń ran èròjà irin lọ́wọ́ láti wọ ara. Owó mọ́ọ̀tì tí ẹ ti yà sọ́tọ̀, ẹ fi kún owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.