Ta Ni Ìlù Inú Kọ̀ǹpútà Ń Kí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi òwe yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìlù kan ti wọ àárín wa báyìí tí kò ní òwe kankan nínú. Ìka méjì ni wọ́n fi ń lù ú lórí kíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń dún.

Ẹ má ṣe rò pé ìgboro Ìbàdàn nìkan ni èyí wà. Ẹ lọ sí Mọ́níyà ní Akínyẹlé, ẹ yà sí Ìyànà Ọ̀fà ní Làgélú, ẹ dé Ẹgbẹ́dá, kí ẹ sì ti ibẹ̀ gba Àkànrán lọ ní Ọ̀nà Àrà. Ẹ ó rí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onídìrí tàbí lẹ́yìn ilé ìjọsìn, tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan, kíbọ́ọ̀dù kan, maikirofóònù kan, jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba orin ìgbéyàwó, orin ìsìnkú, orin ìjọ àti ìpolówó ọjà sílẹ̀. Mo ti jókòó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì ní bú àwọn tí ó ni wọ́n. Bí ìyáàlù kan bá dún níbẹ̀, gbogbo etí ni yóò di. Bí a bá sì ní kí a pe ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìsáájú àti gúdúgúdú pọ̀, owó ọkọ̀ àwọn onílù nìkan lè ju owó tí olórin mú wá lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sá di kíbọ́ọ̀dù.

Ohun tí ó ń dùn mí yàtọ̀ sí èyí. Mo wà níbi ìsìnkú kan ní agbègbè Ẹ̀rúnmu tí wọ́n gbé orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún òkú sí ẹ̀rọ. Gángan ń dún nínú orin náà, ó ń dún dáadáa. Bàbá onílù kan tí ó jókòó sí ìdí igi yí ojú padà, ó ní ta ni ìlù yẹn ń kí. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Bàbá ní oríkì tí ìlù náà ń pè kì í ṣe ti ìdílé yìí, kò tilẹ̀ parí gbólóhùn kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ti gé e jáde nínú orin ẹlòmíràn, ó fi sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi oríkì ìdílé kan sin òkú ìdílé mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé inú kíbọ́ọ̀dù ni ìlù wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú kíbọ́ọ̀dù tí à ń wí yìí lè má ní ohùn kankan nínú. Iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ fún kọ̀ǹpútà kò ju pé: wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó nìyí, wọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò. MIDI ni wọ́n ń pe èdè tí ó fi ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ọdún 1983 sì ni ó jáde sí gbangba. Nígbà tí ó di ọdún 1991, wọ́n fi ẹnu kò lórí ètò General MIDI. Nínú ojú ọ̀nà 16 tí MIDI ní, wọ́n ya ìkẹwàá sọ́tọ̀ fún ìlù, wọ́n sì fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 35 títí dé 81. Ìlù ńlá tí òyìnbó ń fi ẹsẹ̀ lù wà ní 36.

Orúkọ 47 ni ó wà nínú ètò náà. Mo kà wọ́n látòkè délẹ̀. Agogo wà níbẹ̀, ní 67 àti 68, orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé tí ó ti ìlú Brazil di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Kóńgà wà níbẹ̀, bóńgò wà níbẹ̀, kódà wọ́n fi fèrè sí i, èyí tí kì í ṣe ìlù rárá. Dùndún kò sí. Bàtá kò sí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pàápàá kò sí. N kò bínú sí àwọn tí ó kọ ọ́. Ohun tí olúkúlùkù bá mọ̀ ni í kọ sílẹ̀. Àwa tí a mọ tiwa ńkọ́?

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù lu ìlù, kí ó fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó tó ṣí ètò tí ó fi ń gba orin, kí ó sì yan kíbọ́ọ̀dù náà ní ibi tí ètò náà ti ń béèrè ohun tí yóò máa gbọ́. Bí ìlù bá ń dún lẹ́yìn ìka, kíbọ́ọ̀dù kọ́ ni ó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ń kó ohùn jọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó tú u jáde. Bí ó bá ń kó 1024 jọ lẹ́ẹ̀kan nínú 44,100 tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdádúró rẹ̀ yóò tó ìdá 23 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, etí onílù yóò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ dín in kù sí 128, yóò di nǹkan bí ìdá 3. Ètò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní quantize, tí ń fa gbogbo ìlù sí orí ìlà bí ọmọ ilé ìwé tí ń tò sí ìlà lówùúrọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un. Bí gúdúgúdú bá tò tán pátápátá, ẹsẹ̀ alájòótà kò ní mọ ibi tí yóò wọlé sí.

Gúdúgúdú àti ìsáájú kò ṣòro púpọ̀ fún kíbọ́ọ̀dù, nítorí pé títẹ̀lé ni iṣẹ́ wọn. MIDI lè mọ ìwọ̀n agbára 127 nínú bí a ṣe tẹ bọ́tìnnì. Bí a bá gba ìlù kan náà sílẹ̀ ní lílù pẹ̀lẹ́, ní lílù gidi àti ní lílù líle, yóò dún bí ìlù. Bí a bá gba ẹyọ kan ṣoṣo, ariwo kan náà ni yóò máa lọ sókè sódò.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ìyáàlù. Ẹ pe orúkọ wa, Yorùbá: rè, dò, mí. Ó rọrùn láti fi bọ́tìnnì mẹ́ta tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un pè, kí ẹ sì tẹ́tí: *bá* kò fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, ńṣe ni ó ń gòkè bọ̀. Ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ a máa gòkè, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá tẹ̀lé ohùn òkè a sì máa wọ́ bọ̀ wálẹ̀. Ọsán tí onílù ń fún ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bọ́tìnnì mẹ́ta kò lè ṣe é, bí ọmọdé tí ń kọ́ ABD ni yóò máa dún.

Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà ní ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù tí ó lè fa ohùn lọ fa á bọ̀. Ìṣísẹ̀ 16,384 ni MIDI fún un, ṣùgbọ́n bí a kò bá fọwọ́ kàn án, kì í sábà rìn ju ìdajì ohùn méjì sókè àti méjì sísàlẹ̀ lọ. Ó kéré jù fún ìyáàlù. Ẹ fẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí ó bá wà ní ojú ọ̀nà kan náà ni kẹ̀kẹ́ yìí sì ń fà, nítorí náà ẹ fún ìyáàlù ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí gúdúgúdú má baà máa ké pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wá wo ọwọ́ ẹni tí ń ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ òsì ń yí kẹ̀kẹ́. Kí ni onílù ń ṣe? Ọwọ́ ọ̀tún mú kọ̀ǹgọ́, ọwọ́ òsì ń fún ọsán. Nǹkan kan náà ni! Ẹni tí ó kọ́ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ní ọwọ́ òsì yìí. Ọmọ Àyàn ni ó ní in. Òun náà ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí ìlù wí, àti ẹni tí ó yẹ kí ó wí i fún. Nítorí náà n kò ní kí a ju kíbọ́ọ̀dù nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹlòmíràn ni a gbé jókòó sí ìdí rẹ̀, nígbà tí ọmọ Àyàn ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní ẹnu ọ̀nà sítúdíò kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ yìí kò yẹ ọ̀mọ̀wé. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, a máa lu ìlù fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba kọ odindi ìwé lórí dùndún, ó jáde ní 1990. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wa ń ná owó lórí ọjọ́ àṣà: aṣọ ẹgbẹ́jọdá, kánópì, ẹ̀rọ tí ń pariwo. Kí a yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a lọ bá àwọn onílù ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kí a san owó iṣẹ́ wọn lójú ẹsẹ̀, kí a gba ìró ìlù wọn sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó lù ú mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fi gbólóhùn sí i, kí a kọ gbólóhùn náà pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì kọ ìdílé tí ó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi kí ẹni tí kò ni ín. Lẹ́yìn náà, kí a gbé kíbọ́ọ̀dù síwájú àwọn ọmọ wọn.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn onílù kan ní Lálúpọn. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn ìkórè kí ọwọ́ àwọn tó dilẹ̀, kí a sì mú jẹnẹrétọ̀ tiwa lọ́wọ́.