Igbó Wo Ni Pákó Òrùlé Yín Ti Wá?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ó fẹ́ ra àga tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ilẹ̀kùn mọ́sálááṣí, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra ibùsùn fún ọmọ tí ó ń lọ ilé ọkọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sanwó pákó, ẹ máa bi ẹni tó ń tà á pé: "Igbó wo ni igi yìí ti wá, ta ni ó sì fún yín láṣẹ láti gé e?"

Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà yóò ṣàjèjì létí ọ̀pọ̀ oníṣòwò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta fóònù àlòkù fún wa, páálí rẹ̀ àti rìsíìtì ni a kọ́kọ́ máa ń bèèrè, nítorí a kò fẹ́ ra ẹrù olè. Pákó tí yóò gbé òrùlé odidi ilé, a kò ní bèèrè ju iye rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, igi tí wọ́n jí gé kún ọjà, owó wa ni ó sì ń gbé olè náà padà sínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti yẹ kó rí. Lórílẹ̀-èdè wa, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń mójú tó igbó ọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé gẹdú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó san owó orí igi, kí ìdí igi náà sì tó ìwọ̀n tí òfin fọwọ́ sí. Bí igi bá ti wó, ẹ̀ṣọ́ igbó yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì fi òòlù tí ó ní àmì ìjọba lórí lu ojú gẹdú náà àti kùkùté rẹ̀. Háḿmà ni àwọn onígẹdú ń pe òòlù yìí. Onígẹdú ní tirẹ̀, ìjọba ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò wo gẹdú lórí tírélà, yóò sì mọ ẹni tó ni ín àti bóyá ìjọba mọ̀ nípa rẹ̀. Ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sì burú rárá.

Ojú ayùn ni ó ti máa ń parí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta láyé ìjọ́un, ẹ ó rántí bí gẹdú ṣe ń léfòó lórí ọ̀sà, tí wọ́n so wọ́n pọ̀, tí wọ́n fi omi wọ́ wọn wá láti etí omi Òǹdó àti Ìjẹ̀bú. Títí dé orí omi yẹn, ẹ lè rí òǹtẹ̀ lára igi. Bí gẹdú bá wọ sọ́mìlì, tí ayùn là á sí wẹ́wẹ́, òǹtẹ̀ náà ti bá lẹ́búlẹ́bú lọ. Pákó tó níwèé àti pákó tí wọ́n jí gé yóò wá jókòó sójú kan náà, iye kan náà ni wọn yóò sì máa tà wọ́n. Èyí tó burú jù lọ ni pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgégi là sínú igbó lóru. Ìyẹn kò fojú kan òòlù rí. Kò sí kùkùté tí ẹnikẹ́ni sàmì sí, kò sí owó tó wọ àpò ìjọba, àwọn tó ni ilẹ̀ náà kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Káfíńtà tí ó rà á lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, tí kò mọ nǹkan kan.

Ohun tí ó ń tìdí ẹ̀ wá, ẹ lè rí i bí ẹ bá dé Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí J4. Lórí ìwé, igbó náà ju 130,000 hẹ́kítà lọ. Ní 1977 ni UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé. Erin ń gbé inú rẹ̀ títí di òní, erin igbó gidi, níbi tí mọ́tò lè dé láti Èkó láàárín wákàtí mélòó kan. Ìjọba gbin igi gmelina sí apá kan rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwopin lè rí igi lò. Ilé-iṣẹ́ náà kò parí, bébà ọ̀hún kò sì wá. Apá tí ó ṣẹ́kù ni àwọn agégi ń wọ̀ láti gbogbo ọ̀nà, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó sì ń tẹ̀lé wọn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Igbó Olúwa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹ bi àwọn agbẹ́lù tí ń fi igi ọmọ àti apá gbẹ́ ìlù bóyá wọ́n ṣì ń rí igi tó tó gbẹ́ nítòsí wọn. Ìrókò tó tó gé lónìí lè ti dàgbà ju bàbá bàbá ẹni tí ń gé e lọ, ṣàṣà sì ni ẹni tó ń gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ó dùn mí nítorí pé ọgbọ́n tí a nílò ti wà láyé. Ní 1993, àwọn onígbó, àwọn oníṣòwò igi, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń jà fún àyíká péjọ ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ FSC. Ohun tí àjọ náà ṣe, bí mo ṣe lóye rẹ̀, ni pé ó gbé òǹtẹ̀ náà kọjá ojú ayùn. Oríṣi ìwé ẹ̀rí méjì ni ó ń lò. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti igbó fúnra rẹ̀. Ìlànà 10 ni onígbó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé: kí ó pa òfin ilẹ̀ mọ́, kí ó má ṣe fi ọwọ́ ọlá gbá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú, kí ó gba ohùn àwọn tó ni ilẹ̀ kí ó tó gé ohunkóhun, kí ó fi odò àti ẹran igbó sílẹ̀ láìpa wọ́n lára, kí ó ní ètò lórí iye tí yóò gé àti bí igi mìíràn yóò ṣe hù. FSC fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń lọ yẹ igbó náà wò. Ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò mìíràn tí ó dá dúró ni. Ọdún 5 ni ìwé ẹ̀rí fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ igbó náà wò lọ́dọọdún.

Ìwé kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Gbogbo ọwọ́ tí igi náà bá gbà kọjá, ìyẹn sọ́mìlì, oníṣòwò pákó, ilé-iṣẹ́ àga, ilé ìtẹ̀wé, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, kí ó sì lè fi hàn pé iye igi tó wọlé bá iye ọjà tó jáde mu. Bí ọwọ́ kan bá wà láàárín tí kò ní in, àmì náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Àmì ọ̀hún ni igi kékeré kan tí wọ́n so mọ́ àmì máàkì tí tíṣà máa ń fa sí iṣẹ́ tí ọmọ bá gbà. Ẹ yẹ àwọn páálí jùúsì àti ìdí ìwé tí ẹ ń kà wò, ẹ lè rí i níbẹ̀. Bí ẹ bá rí "FSC 100%", inú igbó tó níwèé ẹ̀rí ni gbogbo igi inú ọjà náà ti wá. Bí ó bá jẹ́ "FSC Mix", wọ́n pò ó mọ́ òmíràn tí wọ́n ní ó kéré tán kò ti ibi burúkú wá. "FSC Recycled" ni èyí tí wọ́n tún lò. Nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FSC-C yóò wà nítòsí rẹ̀. Ẹ lè yẹ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ kejì tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni PEFC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999.

N kò ní sọ fún yín pé òǹtẹ̀ yìí kò ní àbùkù. Ní 2020, àwọn olùwádìí Earthsight kọ ọ́ pé igi tí wọ́n gé lọ́nà àìtọ́ ní Ukraine di àga ní ṣọ́ọ̀bù IKEA, pẹ̀lú àmì FSC. Ti ilé wa tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀. Ní 2017, EIA, àjọ kan tí ń wádìí ìwà ọ̀daràn sí àyíká, kọ ọ́ pé ìtí igi kosso Nàìjíríà tó ju 1,400,000 lọ, tí wọ́n gé lọ́nà àìtọ́, ti dé Ṣáínà kí àwọn aláṣẹ tó wá fọwọ́ sí ìwé fún un. CITES, àjọ àgbáyé tí ń mójú tó òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, ní láti dá òwò kosso wa dúró ní 2018. Ìwé wà, òǹtẹ̀ wà, igbó ni kò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bèèrè igbó kí ẹ tó bèèrè ìwé. Ìwé tó péye, láti ìdí kùkùté ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ ní ọ́fíìsì lẹ́yìn tí igi ti wọ ọkọ̀ ojú omi, kò yàtọ̀ sí ìbòjú.

Ẹ má rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó lè gba ìwé ẹ̀rí FSC. Ní agbègbè Kilwa ní Tanzania, àwọn ará abúlé ni wọ́n ni igbó tí igi mpingo wà, igi dúdú tí wọ́n fi ń ṣe fèrè kilarinẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Ní 2009 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí FSC gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, nítorí pé abúlé kan ṣoṣo kò lè dá owó ayẹ̀wò san. Abúlé ni ó ń ta igi tirẹ̀ báyìí, abúlé ni ó sì ń pinnu ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ẹni tí igbó bá ń bọ́ kì í sùn kí olè máa wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ọjà pákó lọ́la nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí àmì FSC lára ohunkóhun. Òwò tó ń lọ sókè òkun ni àmì náà ti fìdí múlẹ̀ jù, níbi tí àwọn olùrà ti ń bèèrè. Níbí, kò sí ẹni tó ń bèèrè, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wá a. A kò gbọ́dọ̀ jókòó dè é. Ohun tí a lè ṣe nísinsìnyí kò ná wa lówó: ẹ ní kí oníṣòwò kọ orúkọ igi, igbó tó ti wá, àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ sórí rìsíìtì. Bí kò bá lè kọ ọ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí ó bá ní igi gbígbìn ni, bíi gmelina tàbí tíìkì láti oko ẹnì kan, ẹ rà á. Igi tí ènìyàn gbìn láti gé ni ó yẹ kí a máa gé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà yín bóyá iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un nílò ìrókò tàbí ọ̀ganwó lóòótọ́. Púpọ̀ nínú igi inú àjà, ojú kò ní rí i mọ́ láéláé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan tó fẹ́ ra pákó mẹ́wàá, oníṣòwò lè lé e. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín yóò ká wọn lára ni ẹ̀yin tí ẹ ń rà púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ń kọ́ gbọ̀ngàn, mọ́sálááṣí, ilé ìwé tí ń ṣe tábìlì fún gbogbo kíláàsì, ẹgbẹ́ káfíńtà ìlú: bí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kan ṣoṣo bá sọ pé òun kò ní san owó láìrí nọ́ńbà ìwé àṣẹ, sọ́mìlì yóò wá nọ́ńbà náà jáde.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti ìlú mìíràn lókè òkun, ọ̀nà tiyín rọrùn jù. Èèdú tí ẹ fi ń sun ẹran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jẹ́ igi Nàìjíríà. Ó pẹ́ tí èèdú wa ti ń wọ Yúróòpù. Ẹ wo àpò rẹ̀. Bí kò bá sí orílẹ̀-èdè àti àmì kankan lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fi owó ránṣẹ́ sílé láti kan òrùlé, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò rìsíìtì pákó ránṣẹ́ sí yín, bí ẹ ti ń ṣe fún ti símẹ́ńtì.

Àgbẹ̀ kòkó náà ní láti gbọ́. Òfin tí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 so kòkó àti igi pọ̀: ọjà tí ó bá ti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá, wọn kò fẹ́ gbà á wọlé. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 2020 yẹn kò yí padà. Ẹni tó bá gé inú igbó ọba lónìí láti gbin kòkó ń gbin ohun tí ó lè má rí ẹni rà.

Ohun kan kù tí a gbọ́dọ̀ fi ohùn kan bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Ìwé àṣẹ gígé igi nínú igbó ọba kì í ṣe àṣírí ìjọba. Igbó gbogbo wa ni. Kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ igbó, irú igi, iye tí wọ́n gbà láyè láti gé, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí, kí káfíńtà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù rẹ̀ kí ó tó gbé pákó sórí ọkọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò yín ní oṣù yìí, kí ẹgbẹ́ onílé yín sì fọwọ́ sí i.